Àdúrà Orí Ìtì Igi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní abà wa lẹ́bàá Ìjàgbà, ìtì igi kan ṣoṣo ni afárá tí à ń gbà dé ilé ìwé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní oko yóò mọ irú rẹ̀: ìrì a mú un yọ̀ ní òwúrọ̀, omi a sì máa hó lábẹ́ rẹ̀ ní ìgbà òjò. Bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, tí mo jẹ iṣu sísun mi, ni àyà mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bàbá mi kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́: "Ẹni tí kò bá lè dá afárá kọjá yóò jókòó sí oko. Èmi kò ní máa pọ̀n ọ́ lọ kàwé."

Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn ìwé ju ẹran lọ.

Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti kọ́ wa pé bí ẹ̀rù bá bà wá, kí a dijú, kí a gbàdúrà. Ọmọ tí ó bá lajú nígbà àdúrà, pàṣán ni. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀rù bà mí láàárín afárá, mo pa ọwọ́ pọ̀, mo di ojú mi pinpin, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Èmi kò tíì dé àmín tí mo fi bá ara mi nínú odò, èmi àti síléètì mi. Ìyá mi, tí ó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí omi, ni ó fà mí jáde.

"Ta ni ó ní kí o dijú?"

"Olùkọ́ ni, Màmá."

"Ṣé olùkọ́ bá ọ gun igi ni? Àdúrà kò ní kí ènìyàn má wo ibi tí ó ń tẹ̀. Lajú rẹ, kí o máa bá Olúwa sọ̀rọ̀ bí o ti ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí. Ó yá, padà síbẹ̀."

Mo padà pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń wí pé, "Olúwa, mú mi dé òdìkejì." Kí n tó dé ìdajì, ọkàn mi ti rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi kò pa ilé ìwé jẹ nítorí odò mọ́.

Lónìí, afárá oníkọnkéré ni ó wà níbẹ̀. Omi kọ́ ni ó ń bà wá lẹ́rù mọ́, ènìyàn ni. Àwọn kan ti pa oko wọn tì nítorí àwọn ajínigbé. Àwọn ọmọ mi ń pè láti ìlú ńlá pé kí n máa wo ìsìn lórí fóònù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó kọjá, mo kọ́kọ́ bi àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ̀nà bí ibẹ̀ ti rí, mo mú ọ̀pá mi, mo lajú, mo ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Mo ti wà ní ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí agogo tó dún.