Orúnkún Mi Kò Sí Nínú Àdéhùn Iṣẹ́

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní àárín àwọn ọdún 1980, òfin kan wà tí mi ò fi ṣeré ní wọ́ọ̀dù. Bí o bá ti gbé fèrè onígi lé ikùn aboyún, tí o ń ka bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, o kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni títí o fi kà á tán. Ẹ kúkú mọ ọmọ Ìjẹ̀bú tí a kọ́ nílé: bí àgbà bá ti yọ, orúnkún ti kanlẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ju fèrè sílẹ̀ nítorí pé dókítà wọlé. Kó tó dìde, kò mọ ibi tó kà á dé mọ́.

Lọ́jọ́ kan, dókítà àgbà wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń fi fèrè kà lọ́wọ́ ò kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà bínú jáde. Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀, àmọ́ ọdún yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n sọ iṣẹ́ mi di ti títí láé, òun náà ló sì jókòó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa pinnu rẹ̀.

Mo wọlé síwájú ìgbìmọ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àgbà ni wọ́n. Láti ìlú wa, Ayépé, nílé bàbá mi, ni mo ti kọ́ ìyẹn.

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Áà, Sístà! Orúnkún yín ṣì ń ká!”

“Ó ń ká dáadáa, sà. Kò sí aboyún lọ́wọ́ mi níbí ni.”

Ẹnìkan húkọ́.

Wọ́n ní olùkọ́ tí a kò lè lé mọ́ a máa ya ọ̀lẹ, pé ọdọọdún ló yẹ kí a máa tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kó má baà sùn lọ.

Mo ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹni tí ẹ lè lé lọ́la, ṣé ó lè sọ fún dókítà lónìí pé, ‘Sà, ẹ dúró ná’? Bí òun ò bá lè sọ ọ́, ta ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀?”

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, obìnrin bíi tèmi, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Àbúrò mi, padà lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Pa òfin yẹn tì. Wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé ẹ kílẹ̀ tó ṣú.”

“Mo ti kúnlẹ̀ kí wọn, mà. Ti ẹ̀bẹ̀ ni kò sí.”

“Olórí kunkun!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ọdún kan péré ni wọ́n fún mi. Mo ká ìwé náà sínú báàgì, mo gba wọ́ọ̀dù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbé fèrè lé ikùn obìnrin ará Ibefun kan tó ń rọbí. Bàtà dókítà àgbà náà dún lẹ́yìn wa. Ọmọ náà wò mí. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Ó ti fẹ́ kúnlẹ̀.

Mo ní, “Máa kà.”

Ó kà á tán. Ó gbé fèrè kúrò. Ìgbà náà ló tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Dókítà ṣì wà lórí ìdúró, ó ń dúró dè é.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọdún kan péré ni wọ́n tún fún mi. Òfin mi ò yẹ̀.