Òkú Tó Gba Ọ̀nà Ràkúnmí Wálé

Òórùn tíì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ wàrà ewúrẹ́, tó dà pọ̀ mọ́ ti dísẹ́ẹ̀lì àti eruku gbígbẹ, ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ilé èrò yẹn. Ìlú kékeré kan ló wà, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Pakísítánì, níbi tí aṣálẹ̀ ti gba ilẹ̀ lọ títí wọ Ìráànù. Kò sí igi, kò sí koríko. Òkè pupa ló wà lọ́ọ̀ọ́kán, atẹ́gùn sì ń da yanrìn sórí gbogbo nǹkan bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ọ̀nà tó gba iwájú ilé náà kọjá ti wà tipẹ́ kí mọ́tò tó dáyé, pé òun ni àwọn oníràkúnmí ń gbà kó ṣẹ́dà, iyọ̀ àti ata olóòórùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àtijọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ mi fi mí sílẹ̀ sí kí n kú.

Ìwọ náà rántí bí nǹkan ṣe le tó fún àwa olùkọ́ láàárín àwọn ọdún 1990. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni èmi àti ọkùnrin yìí ti ń kọ́ni ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ará Ifọ́n ni, èmi jẹ́ ọmọ Ìlọ́bù, o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ìlú méjèèjì wo ara wọn lójú dáadáa. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí kì í bá mi délé wá jẹun. Ìyá mi ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bù fún un. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń fẹnu kùn, ìyá mi á ní ọmọ kì í jogún ìjà ilẹ̀, á sì tún fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Mo sọ èyí kí o lè mọ ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì ló ṣe mí.

Àwọn kan ti gbọ̀nà orí ilẹ̀ dé Yúróòpù nígbà náà, láti Pakísítánì kọjá sí Ìráànù, kí wọ́n tó wọ Tọ́kì. A ní àwa náà á gbà á. A wọ bàálù dé Kàráṣì, a sì lọ gba físà Ìráànù. Wọ́n fún mi, wọn kò fún un. Mo ní kí a dúró kí a tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ní tí a bá ti dé ẹnu ibodè, ọ̀nà á là. Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ tí a fi wà nínú bọ́ọ̀sì nínú aṣálẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Yanrìn wà láàárín eyín wa, ọ̀fun wa sì gbẹ bí ahá. Nígbà tí a fi dé ìlú ibodè, ibà ti dá mi gúnlẹ̀.

Ohun tí mo rántí nínú àìsàn náà kò pọ̀. Mo rántí pé ó fi aṣọ tútù nù mí lójú, tó ní òun ń lọ wá dókítà wá. Nígbà tí ojú mi là dáadáa, kò sí òun, kò sí àpò rẹ̀, pásípọ́ọ̀tù mi tí mo so mọ́ inú ṣòkòtò kò sì sí mọ́. Bàbá tó ni ilé èrò, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ló sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ mi ti kọjá ibodè láti ìjẹta. Ó ti fi orúkọ mi kọjá. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́, ojú kan náà ni gbogbo aláwọ̀ dúdú ní.

Mo ké bí ẹran. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan le nínú mi. Mo sọ fún bàbá náà pé bí ọkùnrin yìí bá wọ inú ihò, màá bá a níbẹ̀. Kò bá mi wí. Ó gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti tíì sí iwájú mi, ó ní, “Kọ́kọ́ jẹun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè lé ẹnikẹ́ni bá.” Nítorí pé mo mọ kéú díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá ìyá mi tó jẹ́ àlùfáà, tí mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ó mú mi bí ọmọ. Nígbà tí ara mi yá, ó fà mí lé àwọn oníṣòwò kápẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́, àwọn tó mọ ọ̀nà tí ẹ̀ṣọ́ kì í ṣọ́.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Mo jókòó sórí ẹrù kápẹ́ẹ̀tì la aṣálẹ̀ kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a ń rí àwókù ilé èrò tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ fún àwọn oníràkúnmí ayé àtijọ́, tí orí rẹ̀ ti jìn, tí ẹyẹ ti ń sùn síbẹ̀. Ní ìlú kan tí ilé gbogbo jẹ́ àwọ̀ erùpẹ̀, mo bá wọn ru bíríkì. Ní Ìsìfáháànì, ìlú ńlá kan ní Ìráànù, mo bá wọn gbọn eruku kápẹ́ẹ̀tì nínú ọjà tí òrùlé rẹ̀ ga bí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi yòówù kí n dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń bèèrè. Ọkùnrin kan tó ń ta omi nínú ọjà náà ló kọ́kọ́ fún mi lésì. Ó ní ọkùnrin dúdú kan sùn sí ilé èrò àbúrò òun. Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Mo dúró nínú ọjà yẹn, ara mi ń gbóná. Orúkọ mi ti ṣáájú mi kọjá.

Ní ààlà Tọ́kì, ẹsẹ̀ ni a fi gun òkè, nínú yìnyín. Òtútù náà jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan. Àwọn kan nínú wa jókòó pé àwọn fẹ́ sinmi, wọn kò sì dìde mọ́. Bó bá ti ṣe mí bíi kí n jókòó, ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rò, bó ṣe ń pọ́n ìka lá nílé ìyá mi, ẹsẹ̀ mi á sì tún gbé. Àwọn tó kù ń ka ẹsẹ Bíbélì tàbí Kùránì lẹ́nu. Èmi ń ronú ohun tí màá ṣe fún un. Ìbínú ni mo fi bora.

Nígbà tí mo fi dé Ìsítáńbùlù ní Tọ́kì, ọdún ti gorí ọdún. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń di ẹrù lọ́jà sọ fún mi pé ọlọ́pàá ti mú ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, wọ́n sì ti fi bàálù dá a padà sílé tipẹ́. Ilé aṣojú ìjọba wa kò kọ́kọ́ fẹ́ dá mi lóhùn, nítorí pé nínú ìwé, mo ti padà sílé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ẹni tó dúró níwájú wọn ṣì wà lóde, kí wọ́n sì fún mi ní ìwé tí mo fi wọ bàálù padà sílé. Àwọn lẹ́tà tí mo kọ sílé lójú ọ̀nà, kò sí èyí tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sá gbágùúdá lójúde nígbà tí mo wọ agbo ilé wa ní Ìlọ́bù. Ó rọra jókòó sórí ilẹ̀, ó ní, “Ṣé ìwọ ni, àbí àkúdàáyà?” Mo ní kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Ó fọwọ́ kàn án, ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó sì ń sunkún. Mo bi í pé màámi ńkọ́. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ọ̀rẹ́ mi ti wá. Ó jókòó sórí ẹní ìyá mi, ó ní ibà pa mí lọ́nà, òun wẹ̀ mí, òun sì fi ọwọ́ ara òun sin mí. Ìyá mi bi í bóyá mo dárúkọ òun kí n tó kú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ń pè é títí ẹ̀mí fi bọ́. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti wọ ọ̀nà ọ̀fun ìyá mi mọ́. Iṣu tuntun kò bá a láyé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkùnrin náà ti fẹ́ ìyàwó, ó sì ń ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ wọn ní Ifọ́n lọ́dọọdún pé Ọlọ́run yọ òun nínú ikú tó pa ọ̀rẹ́ òun. Ìdúpẹ́ ọdún yẹn kò jìnnà. Mo fara pa mọ́ sínú ilé títí ọjọ́ náà fi pé.

Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ẹ̀yìn. Ó wà níwájú nínú agbádá funfun, ó ń sọ bó ṣe gbẹ́ ilẹ̀ nínú aṣálẹ̀, àwọn ìyá ìjọ sì ń mi orí. Mo rìn gba àárín ìjókòó lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi tó ń tiro. Ìgbà tí mo dé àárín ló rí mi, ó sì fà sẹ́yìn. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń ro ohun tí màá sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jáde. Mo ní, “Ẹ kú ìdúpẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni òkú náà.” Mo yíjú sí i. Mo ní, “Ibo lo sin mí sí?”

Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí n dákun, kí a lọ sọ̀rọ̀ náà nínú ilé. Mo ní rárá, ibi tó ti ń sin mí náà ni yóò ti hú mi. Mo dúró lé e lórí títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ létí ìyàwó rẹ̀ àti bàbá rẹ̀: aṣọ tútù, pásípọ́ọ̀tù, irọ́ tó pa fún ìyá mi. Bó bá fo ibì kan, màá ní kó padà. Èmi kò purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi.

Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo sáré gbé bàbá arúgbó dìde, mo ní, “Ẹ dìde, bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe mí.” Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan ni màá gbà. Kí ọmọ wọn fi ẹsẹ̀ rìn láti Ifọ́n dé Ìlọ́bù lọ́sàn-án gangan, kó wá sọ òtítọ́ fún ìyá mi lórí sàréè rẹ̀.

Ó rìn. Mo ń tiro tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn èèyàn jáde sí ẹ̀bá títì láti wò ó, oòrùn sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí agbádá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí a kù díẹ̀ kí a wọ Ìlọ́bù, àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa ti dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àdá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wọn, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn ní kí n yà sápá kan, pé àwọn á bá mi parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn bá kán sílẹ̀ níbẹ̀, ilé á jó ní ìlú méjèèjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀san mi lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Èmi ló ṣẹ̀, kò ṣẹ ìlú. Ìyá mi ló pa. Ẹ jẹ́ kó kọjá.” Wọ́n yà fún wa, kì í ṣe tìfẹ́tìfẹ́.

Lórí sàréè, ó dojú bolẹ̀, ó sì sọ fún ìyá mi pé òun kò sin ọmọ rẹ̀, pé òun kò gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ pe orúkọ kankan, pé òun sá ni. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wò ó. Nígbà tó parí, mo ní kó máa lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kó kúrò ní Ifọ́n.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo ti dárí jì í. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ibùdókọ̀ ní Òṣogbo, irun rẹ̀ ti funfun. Ó kí mi, mi ò dáhùn. Mi ò fẹ́ kí ibi bá a mọ́, ṣùgbọ́n ìkíni mi kò tọ́ sí i. Mo sì mọ ohun kan tí pásítọ̀ mi kò fẹ́ gbọ́: ìfẹ́ kọ́ ló gbé mi kọjá òkè yìnyín yẹn. Ìkórìíra ni, mo sì wà láàyè nítorí rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí ràkúnmí rìn láyé àtijọ́ ni mo rìn, kí n lè rí ojú ọkùnrin kan nígbà tó bá rí mi. Mo rí i. Ojú tí èmi ìbá fẹ́ kó rí mi jù lọ ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó dé.