Ẹ̀rín Tí Ń Dé Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ilé wa ní Dadin Kowa, ní ìlú Jos, ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ìgbà tí rédíò ṣì ń jọba, bí àwọn aláwàdà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, aládùúgbò wa obìnrin, ọmọ Berom láti Zawan, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, á fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó mi. Kò gbọ́ Yorùbá. Ìyàwó mi ni í máa túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Hausa, kíákíá, lábẹ́ ohùn, nítorí rédíò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, yàrá á dákẹ́, obìnrin náà á wá béèrè pé, “Me ya ce?”, kí ni ó wí? Láìpẹ́, ẹ̀rín tirẹ̀ á dún, ẹ̀rín ńlá tí ó ń ti ikùn wá, tí yóò sì tún mú àwa náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín rẹ̀ a máa bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ lórí rédíò.

Olùkọ́ ni mí. Láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé mi wá sí ìlú òkè yìí, mo sì ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ohun tí rédíò mú kí ojú inú mi rí. Lánlọ́ọ̀dù ahun kan wà nínú eré tí a fẹ́ràn jù. Bí ó bá ti ń ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà á han gooro. Títí di òní, n kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìró yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ ọ̀dà tó wà lára ilẹ̀kùn náà: àwọ̀ ewé ni. Ìyàwó mi ní irọ́ ni mò ń pa, pé ahun bíi tirẹ̀ kò lè kun ilẹ̀kùn. Lójú tèmi, ọkùnrin náà sanra. Ìyàwó mi búra pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Aládùúgbò wa ní pásítọ̀ àwọn gan-an ló jọ. Ohùn ẹyọ kan jáde láti inú àpótí, ó di ọkùnrin mẹ́ta nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìyanu náà kò tíì tán nínú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo ra tẹlifíṣọ̀n. A wá rí lánlọ́ọ̀dù náà lójúkojú: kò sanra, kò tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní àgbọ̀n sì fẹ́ já bọ́. N kò ní gba iyì tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wo bọ́ọ̀lù nínú rédíò mọ́? Ṣùgbọ́n aláwàdà tí a ń wò máa ń fi ojú àti ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ìbá ṣe. Á yọ ojú síta, á yọ̀ ṣubú, gbogbo èèyàn á sì rẹ́rìn-ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aládùúgbò wa kò béèrè “Me ya ce?” mọ́, nítorí pé ìṣubú kò nílò ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fura.

Ìgbà tí ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn ni mo tó fura. Dókítà ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ó sì gbà á láìráhùn. Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ pé kí n máa ṣàlàyé àwòrán fún un. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣàlàyé nǹkan fún ọmọ ọlọ́mọ, ọkùnrin kan tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú eré ni ó borí mi. Kí n tó ṣàlàyé débi èèpo, wọ́n ti dé ibi ìgbéyàwó.

“Olùkọ́,” ó ní, “ẹ sinmi. Àlàyé yín ti gùn ju eré lọ.”

Láti ìgbà náà, bí a bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, á dìde, á fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, á jókòó síbẹ̀ nínú otútù. Aládùúgbò wa a máa lọ bá a níbẹ̀. Àga ìyàwó mi ṣófo níwájú mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni kí ó padà sórí àga yẹn, n kò sì mọ ọgbọ́n tí mo lè dá.

Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, aránṣọ ni. Jos ni a bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ohun tó ń dùn mí. Pọ́díkáàsì, ètò ọ̀rọ̀ sísọ orí fóònù, ni ó máa ń gbọ́ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ látàárọ̀, nítorí iṣẹ́ náà gba ojú, ó gba ọwọ́, etí nìkan ni ó ṣẹ́kù fún un. Mo ti sọ èrò mi fún un pé àwọn èèyàn méjì tí wọ́n kàn jókòó, tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí wọn kò fi í dánra wò, tí wọ́n sì ń já lu ara wọn lẹ́nu, a kò gbọdọ̀ pè é ní eré.

“Bàbá, ẹ ti gbọ́ ọ rí?” ó béèrè.

N kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó pa tẹlifíṣọ̀n lójú mi, ó gbé fóònù àti sípíkà kékeré kan sórí tábìlì, ó sì lọ pe àwọn obìnrin méjèèjì wá láti ẹ̀yìnkùlé. Aládùúgbò wa jókòó. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lára férémù, bí ẹni tí kò ní pẹ́ padà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú sípíkà náà, Yorùbá wọn sì já gaara. Wọ́n ń ròyìn bàbá wọn tó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rá kò kúrò. Àbúrò ní òun dàgbà díẹ̀ kí òun tó mọ̀ pé kì í ṣe inú ọyẹ́ ni gbogbo àwọn tó ń ka ìròyìn ń gbé. N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

“Ƙawata,” ni aládùúgbò wa pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, “me ya ce?”

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn gbẹ̀yìn. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kíákíá, lábẹ́ ohùn, bíi ti àtijọ́. Ọmọ wa fọwọ́ kan fóònù. Yàrá dákẹ́ lójijì, ìyàwó mi náà sì dákẹ́, ó gbójú sókè.

“Wọ́n ti múná lọ ni?”

“Rárá, Màmá. Ó ń dúró dè yín.”

“Ó ń dúró dè mí?”

“Títí ẹ ó fi parí.”

Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ohùn inú àpótí kì í wẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá bá a, kò bá a. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, àwọn èèyàn méjì tí n kò mọ ìlú wọn dúró láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n pa ẹnu mọ́, kí ìyá àgbà kan ní Dadin Kowa lè sọ tirẹ̀ tán. Mo wá gbogbo èrò mi nípa pọ́díkáàsì kiri inú ara mi, n kò rí ọ̀kan.

Ìyàwó mi fọwọ́ wá àga rẹ̀ rí, ó sì jókòó. Ó wá ń sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, ní Hausa, ó sọ ti ọ̀rá, ó sọ ti ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ “mijina”, ọkọ mi. Ó ń sọ fún un pé ọkọ tòun náà kò tú ọ̀rá tirẹ̀, pé ó tilẹ̀ máa ń fi aṣọ tútù nu ọ̀rá náà ní àràárọ̀ Sátidé.

“Ìyá wọn,” mo ní, “èyí kò sí nínú eré náà.”

“Olùkọ́, ta ni ògbufọ̀?”

Ẹ̀rín aládùúgbò wa dé, ẹ̀rín ńlá àtikùnwá yẹn. Ọmọ wa bá a rín, èmi tí wọ́n ń fi rín náà rín. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ìyàwó mi na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa.

“Ó yá,” ó ní, “kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.”

Ọmọ wa fọwọ́ kan fóònù, àbúrò náà sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rọ̀ tí ó ti dúró, bí ẹni pé kò sí ẹni tó dá a dúró rí.