Ìyá Àgbà Jókòó Lé Bàtà Bàbá Mi

Kọ́n. Kọ́n. Pù.

Ìyá àgbà gbé òòlù sílẹ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára òkúta tí bàbá mi gbé wá, ó ní kí n bu omi sí i. Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nà jáde lára rẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀.

Ọlọ ni ìyá àgbà ń gbẹ́ tà níwájú ilé wa ní Ali Kazaure, ní Jos. Ọ̀fà ni bàbá tirẹ̀ ti wá síṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n "Mama mai dutse," ìyá olókúta, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ariwo òòlù rẹ̀ ní í jí wa láàárọ̀. Kì í ta ọlọ tuntun láìkọ́kọ́ lọ ìrẹsì gbígbẹ lórí rẹ̀, kí ó sì tọ́ ọ wò. Bí eyín rẹ̀ bá kan iyanrìn, ọlọ náà di ìjókòó nìyẹn. Òkúta dúdú, tí hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú kò rí i, ló fẹ́ràn jù.

Bàbá mi ní tirẹ̀ ń wa kùsà. Òfin ilé wa ni pé kò gbọdọ̀ wọ ihò tuntun láìkọ́kọ́ mú òkúta àjà ihò náà wá fún ìyá rẹ̀.

"Wò ó," ìyá àgbà wí fún mi, "oríṣi hóró mẹ́ta ló wà nínú eléyìí. Èyí tó ń dán bí iyọ̀ yẹn, òun lalágbára. Fi èékánná họ funfun yìí."

Mo họ ọ́. Ó kúnná sí mi lọ́wọ́ bí ẹfun.

"Omi ti jẹ ẹ́. Dúdú tó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì yìí ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ, bí ewé tí a tò léra. Ibẹ̀ ni yóò ti là. Hóró rẹ̀ tún tóbi, wọn ò di ara wọn mú." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ lọ gé igi, kí ẹ fi ti àjà yẹn kí ẹ tó wọlé."

"Haba, Màmá. Kí a tó gégi tán, ẹlòmíràn á ti gba ihò náà mọ́ wa lọ́wọ́."

"To, kò burú," ni ìyá àgbà wí. Ó na ọwọ́, ó fa bàtà rọ́bà bàbá mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó tò ó sórí àpótí rẹ̀, ó sì jókòó lé e. Ó tún gbé òòlù.

Bàbá mi fajú ro. Ó bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ó bẹ̀ ẹ́ ní Hausa, òòlù nìkan ló ń dá a lóhùn. Màmá mi sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bàbá mi mí kanlẹ̀.

"Na ji, Màmá, mo ti gbọ́. Ẹ fún mi ní bàtà, kí n lọ gégi."

Ẹnikẹ́ni ò gba ihò náà. Ihò náà kò sì wó títí wọ́n fi ṣe tán níbẹ̀. Bóyá igi ló gbé e dúró, bóyá kò ní wó tẹ́lẹ̀, a ò mọ̀. Bàbá mi a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́: "Màmá, àjà yín ṣì wà níbẹ̀ o."

Ìyá àgbà a bu ọbẹ̀ sí i fún un. "Ìwọ náà ṣì wà níbí."

Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n yẹ òkúta wò níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà gba inú òkè. A ń gé e pẹlẹbẹ, a ń fi awò wo hóró rẹ̀, a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà gan-an. Síbẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ fi òòlù kàn án, kí n da omi sí i, kí n họ funfun rẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, àwọn òṣìṣẹ́ a fajú ro. N kì í bá wọn jà. Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó kọ́ mi bí a ti ń gba ìfajúro lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ràn.

Ó ti pẹ́ tí ìyá àgbà ti sun oorun ìkẹyìn. Bàbá mi ti darúgbó, kò wa kùsà mọ́. Bí mo bá dé Jos, mo máa ń rí i tó ń bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti lè tó o.