Ọmọ Tí Ṣúgà Kì Í Dà Nínú Rẹ̀

Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ẹ̀rọ méjì àti tábìlì ìgéṣọ kan lọ. Abẹ́rẹ́ làwọn oníbàárà ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún méje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè é. Ó bá ọmọ rẹ̀ níwájú kíláàsì, aṣọ rẹ̀ ti bà jẹ́, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ọ̀gá kò tilẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí," ó ní. "Ìyá tó bá mọ ọmọ tọ́, ọmọ ọdún méje rẹ̀ kì í ṣe ìgbẹ́ sára."

Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Ìgbà tí wọ́n délé ló gbé ìbínú náà ka ọmọ lórí.

"Kí lo jẹ?"

"Bisikíìtì ni, màámi. Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi. Inú ló ń run mí."

Ó fi pàṣán nà án.

Ó ti lo oògùn aràn fún ọmọ yìí títí ó fi sú u. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé e lọ bá dókítà kan. Obìnrin yẹn ní kí ọmọ mu omi ṣúgà, kó sì máa fẹ́ èémí sínú àpò kékeré kan, kí òun lè fi èémí náà mọ̀ bóyá ṣúgà ń dà nínú rẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, ó pe Abẹ́rẹ́ jókòó.

"Màmá, bí ẹ bá jẹ búrẹ́dì pẹ́ lẹ́nu, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa ń dùn? Ẹ́ńsáìmù inú itọ́, ìyẹn èròjà tó ń da oúnjẹ, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀. Àwọn mìíràn wà nínú ìfun tó ń parí iṣẹ́ náà, kí ẹ̀jẹ̀ tó lè gbà á. Èyí tó ń gé ṣúgà inú bisikíìtì ni ọmọ yín kò ní tó. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ṣúgà tí kò bá dà á fa omi mọ́ra nínú ìfun, afẹ́fẹ́ á kún inú, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e."

"Kì í ṣe ìwà ọ̀bùn?"

"Kí ló kan ọ̀bùn níbẹ̀?"

Ó dun Abẹ́rẹ́ wọ akínyẹmí ara. Ó rántí pàṣán. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bẹ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ní, "Mo sọ fún yín pé inú ló ń run mí." Abẹ́rẹ́ kò rí ojú gbé sókè.

Ilẹ̀ mọ́, ó mú ìwé dókítà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá kà á, ó ní òun ti gbọ́.

"Mo fẹ́ kí kíláàsì náà gbọ́, mà. Ibi tí ẹ ti bú wa, ibẹ̀ náà lẹ ó ti tún un sọ."

"Èmi ni ẹ ń pàṣẹ fún?"

"Àṣẹ kọ́. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbí."

Ọ̀gá lọ sí kíláàsì náà, Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá fi imú sọ gbólóhùn mẹ́ta nípa àìsàn náà, kò sì tọrọ àforíjì. Ọmọ tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bisikíìtì lọ́jọ́sí nawọ́ sókè, ó béèrè bóyá òun lè máa fún ọ̀rẹ́ òun ní ẹyin dípò. Abẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inú ọmọ náà ti fúyẹ́ báyìí. Kò ṣe ìgbẹ́ sára mọ́. Ìbínú ìyá rẹ̀ kò tíì rọ̀. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá gbé aṣọ wá kó bá òun rán an. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó sì dá a padà fún un láìrán an.