Kò Sí Orúkọ Wa Nínú Àwọn Tó Gba Ife

Bàbá àgbà lóṣòó sẹ́yìnkùlé wa ní Lake Arbor, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa koríko tí Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn, wọ́n pòṣé. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ò lè ta dáadáa lórí koríko tó ga tó báyìí. Dádì ní ta ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Nígbà ooru, tí tẹníìsì orí koríko bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi àti bàbá àgbà la máa ń wò ó. Mọ́mì á ti sùn lókè lẹ́yìn iṣẹ́ òru ní ọsibítù, a ó wá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Òórùn róòbù tí bàbá àgbà fi pa orúnkún á gba pálọ̀ kan. Ọ̀kan náà ni ìtàn wọn: àwọn náà gba ife lórí koríko rí, ní Èkó, lẹ́ẹ̀mejì, nínú ìdíje tó ti wà látayé òyìnbó. Olè ti kó ife náà lọ. Ìtàn yẹn nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́.

Mo fọ́nnu níléèwé, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo bá wá a lórí kọ̀ǹpútà. Mo rí orúkọ gbogbo ẹni tó gba ife yẹn, láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tí wọ́n fi kọ́nkéré bo koríko. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ ìdílé wa ò sí níbẹ̀.

Mo lọ bá bàbá àgbà ní pálọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ bí mi sí Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé a kì í wí irú ẹ̀ fágbà. Mo sì wí i, lójú àwọn ará ìjọ méjì tó wá kí wọn.

"Bàbá àgbà, irọ́ lẹ pa. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ wa ò sí níbẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fọwọ́ bo ẹ̀rín. Bàbá àgbà dá mi lóhùn.

"Ó dáa. Bí ẹ̀rọ ti wí náà ni."

Wọn ò wo tẹníìsì mọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba yàrá lọ. Ọdún kejì ni wọ́n kú.

Ẹnu Dádì ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí à ń kọ ìtàn ayé bàbá àgbà fún ìsìnkú: Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí bàbá àgbà di ọmọ ìjọ, tí wọ́n ti fi tẹníìsì sílẹ̀, ni wọ́n yọ Ògún kúrò, wọ́n fi Olú rọ́pò. Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà. Orúkọ Ògún náà nìyẹn, ọdún méjì tẹ̀léra.

Inú ń bí mi sí wọn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú u, wọn ò sọ ọ́. Àgbà wo ló máa bá ọmọdé rojọ́? Orúkọ Olú yẹn ni mo fi ń buwọ́ lùwé títí dòní. Òun ni mo fi pe bàbá àgbà ní òpùrọ́, wọn ò sì dúró kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.