Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Àlhájà Fi Ru Ẹ̀bi Mi

Òórùn ọsàn tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní géètì iléeṣẹ́ wa, kí òórùn epo dísù láti ara jẹnẹrétọ̀ tó wá bò ó mọ́lẹ̀. Ṣàngó-Ọ̀tà ni iléeṣẹ́ náà wà, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì díẹ̀ bí tírélà bá ń kọjá. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán nìyẹn. Kí o lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà, mo máa ń ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi láràárọ̀ nínú ọkọ̀, bíi pé ẹnì kan lè ti yọ orúkọ mi kúrò nínú rẹ̀ lóru. Ẹ̀rù ti máa ń bà mí kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ rárá.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tọ́jú. Nínú yàrá àyẹ̀wò, Àlhájà kan, ọmọ Ọ̀tà tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà, ló ń dán oògùn wò kó tó jáde, tó sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èsì náà kì í dúró síbẹ̀. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ilé kejì. Ọ̀gá wa ní kí n wá nǹkan ṣe kí ojú ẹlòmíràn má baà tó o, mo bá gbé ètò kan lé orí ọ̀nà yẹn, èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ Àlhájà di àdììtú kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣe ló dà bí ẹni pé mo fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá kan tí kò sí nínú ilé mi. Mo dán an wò ní àárọ̀ kan péré, ó ṣiṣẹ́, mo sì lọ sọ pé ó ti parí. Mi ò wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí yàrá náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé kejì, bá ṣàdédé pòórá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wò ó. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọwọ́ mi yá ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni kọ̀ǹpútà Àlhájà kú. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun wẹ́wẹ́ kún un, kò sí bọ́tìnnì tó dáhùn. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ló dákú, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ pátápátá tí gbogbo ètò yòókù jókòó lé lórí. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè ka àwọn lẹ́tà náà, mo sì rí orúkọ ètò tí mo gbé wọlé ní ìlà kẹta. Mo yára pa á, mo tún un tàn. Fáìlì tí Àlhájà ń kọ lọ́wọ́ ti di òfìfo.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún kú. Èsì oògùn ikọ́ tí tírélà ń dúró dè ló sọ nù lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì wọlé wá.

“Àlhájà, kí lẹ tẹ̀?”

“Mi ò tẹ nǹkan kan, sà. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́.”

Ẹni tó ń tọ́jú ibi ìkóoògùnsí, tó tẹ̀ lé ọ̀gá wọlé, bú sẹ́rìn-ín. “Àlhájà, ẹ̀rọ yìí mà ń bẹ̀rù yín o!”

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Àlhájà máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. “Ẹnjiníà, àbí nǹkan mìíràn wà tí o rí?”

Mo sọ pé, “Mo ṣì ń wò ó, sà.”

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé gbólóhùn yẹn fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Irọ́ kọ́, mo ṣì ń wò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Àlhájà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì mi orí sí mi bí ẹni tó ń dúpẹ́ pé ẹnì kan ń bá òun wá a.

Mo gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo gbìyànjú láti mú kí òun náà kú kí n lè mọ ohun tó ń fà á, kò kú. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlhájà, mo ní, “Mà, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gan-an.” Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán ni. Ó kọ èsì kan, ó tẹ bọ́tìnnì kí ó wọlé, iná sì lọ. Ìnfátà tó ń fi bátìrì fúnni níná gbé kọ̀ǹpútà dúró bó ti máa ń ṣe. Iná ń lọ tó bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé orí sókè mọ́. Àlhájà dìde wéré, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì fa okùn iná àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ilé kejì, yọ.

“Kí lẹ yọ ìyẹn fún, mà?”

“Háà, ọmọ yìí! Bí iná bá fi agbára dé ńkọ́? Fìríìjì mi méjì ló ti jó. Ti iléeṣẹ́ kò ní jó mọ́ mi lọ́wọ́.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Bí iná bá lọ nílé wa, ìyá mi á pariwo pé ká yọ gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Àlhájà pé àpótí yẹn náà wà lórí ìnfátà, pé iná kò lè jó o. Kó tó padà jókòó, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú.

Ó ti ń yọ okùn yẹn kí n tó dé iléeṣẹ́. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà á kàn dúró dè é títí á fi dá a padà. Ètò tèmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó béèrè fáìlì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ńlá, kò rí kọ̀ǹpútà ńlá mọ́, ó sì fa kẹ́nẹ́ẹ̀lì ṣubú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo lè lọ sọ fún ọ̀gá pé Àlhájà ló ń yọ okùn. Òótọ́ ni, ó sì máa gbà mí lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi.

“Ó tún ti kú,” Àlhájà sọ. “Ó ti tán nìyẹn.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní ìkírun rẹ̀ sínú báàgì.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ́fíìsì ọ̀gá. “Sà, èmi ni mo fà á. Ètò tí mo gbé sí i ni, mi ò dán an wò tó. Mo ti rí orúkọ rẹ̀ láti Mọ́ńdè.”

“Láti Mọ́ńdè?”

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju ìwé kúẹ́rì tó kọ fún mi lọ. Kò lé mi, kò sì lé Àlhájà. Mo kó ètò náà kúrò, mo gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀, níbi tí kò ti sí okùn tí ẹnikẹ́ni máa yọ mọ́ ọn lẹ́nu. Àlhájà sì ní láti tún àyẹ̀wò ṣe látinú àwọn ìgò tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ nínú oògùn kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni mo fi bá a fọ ìgò. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“O rí i láti Mọ́ńdè,” ó ní, “o wá jókòó tì mí, o ń jẹ ẹ̀pà mi.” Ó yíjú sí ìgò tó ń fọ̀. Nígbà tó yá, ó na ìgò kan sí mi. “Tún èyí ṣàn. Kò mọ́.”

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù kò tíì fi mí sílẹ̀, mi ò sì rò pé ó máa fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ nítorí ẹ̀rù, ẹlòmíràn ni kì í rí oorun sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ba nǹkan jẹ́ níbi iṣẹ́ tuntun tí mo wà. Ohùn mi gbọ̀n, òógùn bò mí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, mo ti sọ pé èmi ni.